Òtútù Abẹ́ Hámọ́ọ̀kì: Bí Mo Ṣe Rán Kúbùsù Abẹ́, àti Gbogbo Ibi Tí Mo Ti Ṣìṣe

Ẹni tó bá ti sùn nínú hámọ́ọ̀kì, ìyẹn aṣọ tí a ń so sáàárín igi méjì láti sùn sí, lóru tútù rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Àyà ń móoru, ojú kò tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn, ìdí àti abẹ́ itan dà bíi pé wọ́n tẹ́ ọ sórí omi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá ọ̀rọ̀ yìí fà á. Mo pààrọ̀ báàgì ìsùn, mo gbé fóòmù sábẹ́ ara, mo tẹ́ ọ̀rá dídán, kí n tó wá rán kúbùsù tí a ń so sí ìta, lábẹ́ hámọ́ọ̀kì gan-an. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni mo dà síbí, pẹ̀lú àwọn ìwọ̀n tó bọ́ sí i àti àwọn tí mo gé danù.

Kẹ́ ẹ lè fi tiyín wé tèmi: hámọ́ọ̀kì mi jẹ́ aṣọ náílọ́ọ̀nù ẹyọ kan, gígùn rẹ̀ 335 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ 150, a sì ká orí rẹ̀ méjèèjì jọ. Okùn kan tó le, tí kì í fà, lọ tààrà lókè láti orí kan dé orí kejì. 278 sẹ̀ǹtímítà ni mo gé e, ìyẹn ìdá 83 nínú 100 gígùn hámọ́ọ̀kì. Igi ìbáà súnmọ́ra, ìbáà jìnnà síra, okùn yìí ni kì í jẹ́ kí bí aṣọ ṣe tẹ̀ wọlẹ̀ yí padà. Ẹ fi í sọ́kàn, màá padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìpele 1. Alẹ́ àkọ́kọ́, dígírì 12

Mo wọ inú báàgì ìsùn tí àwọn tó ṣe é ní ó lè gba òtútù dé dígírì 5, mo sì sùn ní aago mẹ́wàá láìsí wàhálà. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni mo jí. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi tutù débi pé mo rò pé aṣọ ti rin. Mo tan iná, mo fọwọ́ kàn án: ó gbẹ táútáú. Tẹmómítà tí mo so mọ́ abẹ́ ní dígírì 12.

Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ara mi, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú báàgì náà níbi tí ìdí mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó wà láàárín ìka méjèèjì kò ju aṣọ méjì tó lẹ̀ mọ́ra lọ. Lórí àyà mi, báàgì kan náà wú tó ìbú ìka mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Òwú kì í dá iná. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú ni kì í jẹ́ kí ooru ara wa sá lọ. Bí ara bá ti tẹ òwú pa, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Abẹ́ ẹni tó wà nínú hámọ́ọ̀kì kò sì ní nǹkan kan ju atẹ́gùn lọ, atẹ́gùn náà kì í dúró sójú kan.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e kíákíá. Kàkà kí n gba ohun tí ìka mi sọ fún mi gbọ́, mo lọ ra báàgì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní dígírì 11, òógùn ń ṣàn láyà mi, òtútù ń mú mi lẹ́yìn, mo sì jí ní aago mẹ́rin. Bí ìdí mi ṣe tẹ ti àkọ́kọ́ pa náà ló tẹ èyí pa. Nínú gbogbo owó tí mo ná, èyí ló dùn mí jù.

Ìpele 2. Fóòmù

Ohun tí a ń fẹ́ ni nǹkan tí ara kò lè tẹ̀ pa. Mo ra fóòmù tí omi kì í wọ̀, irú èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà ní ìdì kéékèèké tí ojú wọn dí. Gígùn rẹ̀ 180 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ 50, nínípọn rẹ̀ mìlímítà 10. Mo tẹ́ ẹ sáàárín èmi àti aṣọ hámọ́ọ̀kì.

Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀yìn mi gbóná lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n hámọ́ọ̀kì kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó máa ń ká ènìyàn mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Fóòmù tó fẹ̀ ní 50 gba ẹ̀yìn mi, ó sì fi èjìká mi méjèèjì sílẹ̀ fún aṣọ lásán. Láàárín òru, ó yọ̀ kúrò lábẹ́ mi, mo jí, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹnì kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀wù mi tutù lẹ́yìn, nítorí òógùn kò rí ibi gbà jáde.

Èjìká ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Mo gé fóòmù mìíràn, 100 sẹ̀ǹtímítà sí 50, mo la ojú méjì sí i, gígùn ojú kọ̀ọ̀kan 52, àlàfo 30 sì wà láàárín wọn. Mo ki fóòmù gígùn bọ inú ojú méjèèjì, èyí kúkurú wá dúró ní ìbú lábẹ́ èjìká bí ìyẹ́ ẹyẹ. Mo wá mú sílíkóònù tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé, mo tò ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn fóòmù, ìlà kan ní gbogbo 15 sẹ̀ǹtímítà. Mo fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan. Láti ìgbà yẹn kò yọ̀ mọ́.

Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ ní dígírì 9. Nítorí náà, ẹni tí kò ní maṣíìnì ìránṣọ, tó sì fẹ́ ohun tó máa lò lọ́la yìí, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sùn. Ohun tí kò jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ ni pé fóòmù gba adùn hámọ́ọ̀kì lọ. Aṣọ kò ká mi mọ́ra mọ́, ó ń ká sí egungun ẹ̀gbẹ́ mi, bí mo bá sì yí padà, fóòmù a ké. Òógùn ẹ̀yìn náà kò tán.

Ìpele 3. Ọ̀rá dídán

Mo tẹ́ ohun dídán tí wọ́n ń fi dí gíláàsì ọkọ̀ nígbà oòrùn. Alẹ́ kan péré ni. Dígírì 13 ni, ó móoru díẹ̀, ó ń pariwo bí bébà ní gbogbo ìgbà tí mo bá mí, nígbà tó sì di òwúrọ̀, ẹ̀wù mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mo dá a padà sínú ọkọ̀.

Ìpele 4. Kúbùsù àtijọ́, kí n tó gé aṣọ olówó ńlá

Mo ti gbọ́ pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí hámọ́ọ̀kì máa ń so kúbùsù sí ìta, kí ara má baà lè tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ rí i fúnra mi. Mo mú kúbùsù pọlíẹ́sítà kan tó ti gbó, mítà 2 sí mítà 1.5, mo fi okùn di igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo so okùn méjì mọ́ orí hámọ́ọ̀kì, méjì mọ́ ìdí rẹ̀, kúbùsù wá ń rọ̀ lábẹ́ bí ikùn ẹran tó lóyún. N kò tẹ́ nǹkan kan sínú.

Dígírì 10 ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi tutù bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n èjìká mi, tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, móoru kanlẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ láàárín òru, mo tan iná, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Níbi èjìká, kúbùsù fara kan hámọ́ọ̀kì. Níbi ẹ̀yìn, ó ti sọ̀ sílẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan, atẹ́gùn sì ń gba àárín kọjá bí ẹni ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú ìwé lóru náà nìyí: «Ibi tó fara kàn, ó móoru. Ibi tó jìnnà, ó tutù.» Kúbùsù yẹn tinrin, kò ju mìlímítà 4 lọ, síbẹ̀ ó ṣe ohun tí báàgì tó nípọn kò lè ṣe. Mo pinnu láti rán èyí tó yẹ.

Ìpele 5. Ohun èlò, gígé àti rírán

Ohun tí mo kó jọ:

- Aṣọ náílọ́ọ̀nù tí kì í tètè ya, tí a ti fi nǹkan pa lára kí omi má tètè wọ̀ ọ́, gíráàmù 35 ní mítà onígun mẹ́rin. Ẹyọ méjì, 207 sẹ̀ǹtímítà sí 132 kọ̀ọ̀kan.
- Òwú ooru onípọlíẹ́sítà tó wà ní pẹlẹbẹ, gíráàmù 167 ní mítà onígun mẹ́rin (Climashield APEX ni mo lò), 202 sí 127. Nínípọn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3.
- Okùn lásítíìkì mìlímítà 3, mítà 9.
- Ìkọ́ kékeré mẹ́rin, àti lọ́ọ̀kì okùn mẹ́rin, irú èyí tí a ń tẹ̀ kó tó fa lẹ́nu báàgì.
- Òwú ìránṣọ pọlíẹ́sítà. Ẹ má lo ti kọ́tìnì níta gbangba, ó máa ń jẹrà.
- Abẹ́rẹ́ maṣíìnì nọ́ńbà 70. Èyí tó tóbi jù ń lu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Òwú ooru irú èyí wà ní ìwúwo oríṣiríṣi. Àwọn tó ń rán kúbùsù abẹ́ sábà máa ń ka ti gíráàmù 85 sí ti nǹkan bíi dígírì 10, ti 122 sí dígírì 4 tàbí 5, ti 167 sí nǹkan bíi dígírì 0. Ara ò rí bákan náà, ẹni tí òtútù tètè ń mú kí ó lọ sí èyí tó wúwo. Ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ fúyẹ́ ju òwú yìí lọ, ó sì ń ká kéré, ṣùgbọ́n bó bá rin, ó ti tán nìyẹn, rírán rẹ̀ sì nílò yàrá kéékèèké tí a óò máa wọn ìhùùhù sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àkọ́ṣe mi kọ́ nìyẹn.

Bí mo bá pín owó rẹ̀ sí mẹ́wàá, òwú ooru gba mẹ́rin, aṣọ gba mẹ́rin, okùn àti ìkọ́ gba méjì. Maṣíìnì, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo yá.

Bí mo ṣe rán an: Mo tẹ́ òwú ooru sẹ́yìn aṣọ kan, mo rí i pé àlàfo tó kù ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 2.5, mo sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ lílọ gbọọrọ mú etí rẹ̀ mọ́ aṣọ. Mo fojú aṣọ méjèèjì kọ ara wọn, mo fi ìkọ́ aṣọ tí a ń sá sóòrùn mú wọn pọ̀ dípò píìnnì, nítorí ihò píìnnì kì í dí fúnra rẹ̀ lára náílọ́ọ̀nù. Mo rán yí i ká ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí etí. Mo fi ẹnu tó tó 50 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gígùn kan, mo tún fi ihò 2 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lápá méjèèjì igun kọ̀ọ̀kan, kí okùn lè rí ibi gbà wọlé àti jáde. Mo fa gbogbo rẹ̀ yọ látẹnu, mo dí ẹnu náà, lẹ́yìn náà mo rán ìlà kejì yí i ká ní 2.5 sẹ̀ǹtímítà sí etí. Ìlà kejì yìí ṣe iṣẹ́ méjì: ó mú etí òwú ooru kó má baà rìn, ó sì ya ọ̀nà okùn sọ́tọ̀ bíi ti ẹnu ṣòkòtò.

Nǹkan kan nípa òwú ooru: bí òun bá wà lókè, ẹsẹ̀ maṣíìnì a máa fà á. Ẹ yí i kí aṣọ wà lókè, kí òwú wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ sábẹ́ òwú. Bẹ́ ẹ bá rán an tán, ẹ fa bébà ya kúrò.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó gba wákàtí mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Mo rò pé bí mi ò bá rán àárín rẹ̀, òwú á kó jọ sójú kan. Ni mo bá fa ìlà márùn-ún ní ìbú, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, mo rán an já aṣọ méjèèjì àti òwú. Ó lẹ́wà. Ó dà bí ti inú ilé ìtajà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sókè sójú iná, ó sì dákẹ́ díẹ̀.

«Àbúrò mi, wá wo nǹkan.»

Mo wò ó. Ìlà márùn-ún ń tàn bí ojú fèrèsé tí wọn ò tì dáadáa.

«Ta ló ní kí o tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí òtútù máa gba ibẹ̀ wọlé ni?»

«Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé òwú náà á rìn ni.»

«Fà á, kí o wò ó bóyá á rìn.»

Ó mú àjẹkù òwú tó wà nílẹ̀, ó di orí kan mú, ó ní kí n fa ìkejì. Kò já. Irú òwú yìí, fọ́nrán rẹ̀ gùn, ó sì so kọ́ra láti òkè dé ilẹ̀, kò nílò ìlà kankan láàárín bí a bá ti mú etí rẹ̀. (Òwú pọlíẹ́sítà tútúú, tí a ń kó ní ìkúnwọ́, nílò ìlà, kì í ṣe irú kan náà.) Mo fi rúlà wọn àwọn ìlà yẹn: sẹ̀ǹtímítà 3 ni òwú, mìlímítà 2 péré ni ó kù lábẹ́ òwú ìránṣọ. Mo jókòó, mo fi abẹ tú gbogbo rẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ kù sára aṣọ. Mo fi èékánná ha wọ́n sọ́tùn-ún sósì títí ọ̀pọ̀ wọn fi pa dé. Àwọn tí kò pa dé ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú okùn àti ìkọ́ rẹ̀, ó jẹ́ gíráàmù 680.

Ìpele 6. Síso, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà

Rírán gba ọjọ́ méjì. Síso gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí ju ibi yòókù lọ.

Okùn mẹ́rin ló wà. Méjì gùn, mítà 3 kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba inú ẹ̀gbẹ́ gígùn kúbùsù láti orí dé ẹsẹ̀, ìkọ́ ń so wọ́n mọ́ ibi tí aṣọ hámọ́ọ̀kì ti ká jọ. Àwọn yìí ló ń gbé kúbùsù dúró. Méjì kúrú, mítà 1.5 kọ̀ọ̀kan; wọ́n gba inú ẹ̀gbẹ́ kúkurú lápá orí àti lápá ẹsẹ̀, lọ́ọ̀kì okùn sì wà ní ẹnu wọn. Iṣẹ́ tiwọn ni láti ká ẹnu kúbùsù jọ kí atẹ́gùn má gba orí wọlé.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo fa okùn gígùn le bí okùn ọrun. Kúbùsù fara mọ́ hámọ́ọ̀kì pátápátá, inú mi dùn. Dígírì 9, mo jí ní aago méjì. Mo ti ọwọ́ bọ ìta, mo mú kúbùsù lábẹ́ ìdí mi bí mo ṣe mú báàgì lálẹ́ àkọ́kọ́: kò tó sẹ̀ǹtímítà 1. Mo ti ṣe àṣìṣe báàgì yẹn lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí láti ìta. Okùn tó le jù ń tẹ òwú pa gẹ́gẹ́ bí ara ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ní alẹ́ kejì mo dẹ̀ ẹ́. Dígírì 8. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi tutù ju ti ìgbà tí mo fa á le lọ. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó bá mi wò ó nígbà tí mo bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tó dùbúlẹ̀ kò lè rí abẹ́ ara rẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi, sáàárín hámọ́ọ̀kì àti kúbùsù.

«Ó wọlé,» ó ní. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: «Ó ti jáde lápá kejì, kò sì kan nǹkan kan.»

Àlàfo tó tó ìka mẹ́rin, gẹ́lẹ́ níbi tí ẹ̀yìn ènìyàn ti máa ń kọ́ sókè. Ohun tí mo kọ nígbà kúbùsù àtijọ́ ni mo tún ń rí.

Bí a ṣe ń yanjú rẹ̀ nìyí, ní ọ̀nà tí mo ń tẹ̀ lé títí di ìsinsìnyí. Ẹ kọ́kọ́ so hámọ́ọ̀kì kí okùn igi tẹ̀ ní nǹkan bíi ìgun dígírì 30, kí okùn òkè sì le níwọ̀nba, kí ìka lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí títẹ̀ hámọ́ọ̀kì bá yí padà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti tò lábẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí tí okùn òkè fi ṣe pàtàkì rèé. Ẹ wá so kúbùsù ní dídẹ̀, kí ó máa rọ̀. Ẹ wọlé, ẹ dùbúlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sùn. Kí ẹnì kan na ọwọ́ wọ abẹ́, kí ó máa sọ ibi tí àlàfo wà. Ẹ jáde, ẹ fa okùn gígùn sókè ní sẹ̀ǹtímítà 3 lápá méjèèjì, kó dọ́gba, ẹ tún wọlé. Ẹ dá dúró lójú ẹsẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ kò bá ti lè kọjá láìkan aṣọ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ má fà á sí i. Mo fa tèmi lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ó tó bọ́ sí i.

Okùn kúkurú ló kàn. Mo kọ́kọ́ ká a jọ pátápátá lórí, kúbùsù sì ta kúrò lábẹ́ ọrùn mi. Mo dẹ̀ ẹ́ padà títí ó fi fẹnu ko hámọ́ọ̀kì láìfà á.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Nínú hámọ́ọ̀kì, a kì í sùn tààrà. A máa ń dùbúlẹ̀ ní ìdábùú, orí sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ sí òsì, kí ẹ̀yìn lè na pẹrẹsẹ. Kúbùsù sì ń rọ̀ tààrà. Gìgísẹ̀ mi òsì ń bọ́ síta etí rẹ̀ ní gbogbo òru, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí tí mo fi fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ara mi fara kàn. Mo sún kúbùsù sápá òsì ní sẹ̀ǹtímítà 10 lápá ẹsẹ̀, mo sún un sápá ọ̀tún ní 8 lápá orí. Gìgísẹ̀ wọlé.

Ìpele 7. Àwọn alẹ́ tó tẹ̀ lé e

Dígírì 7, kò sí atẹ́gùn: mo sùn wákàtí mẹ́jọ. Báàgì àtijọ́, ti dígírì 5 yẹn, ni mo ṣí zíìpù rẹ̀ tí mo fi bora lókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ jí mi.

Dígírì 4, atẹ́gùn ń fẹ́ láti odò: mo tutù ní aago kan. Kúbùsù dára, àlàfo kò sí, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń tì í kúrò lábẹ́ mi, ó ń mì. Mo sọ tápólì òjò sílẹ̀ lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ títí ó fi ku ìbú ọwọ́ kan kó kan ilẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ̀yìn mi ti padà bọ̀ sípò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, mo gbé tẹmómítà rìn: létí odò, dígírì 4, lórí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn wa, nǹkan bíi mítà 20 sókè, dígírì 7. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó máa ń ṣàn lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò so hámọ́ọ̀kì sí kòtò mọ́.

Dígírì 1: ẹ̀yìn, ìdí, èjìká, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹsẹ̀ nìkan ló tutù. Mo fi àjẹkù fóòmù ìpele 2, 40 sẹ̀ǹtímítà sí 40, sábẹ́ gìgísẹ̀, ó tó. Ìrì bo ìta kúbùsù náà funfun lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ. Mo sá a fún wákàtí kan kí n tó ká a.

Ìpele 8. Ohun tí mo máa yí padà nínú èkejì

Mò ń rán èkejì fún ẹ̀gbọ́n mi báyìí, òun náà ti wọ hámọ́ọ̀kì. Aṣọ ìta ni mo máa gé kó fẹ̀ ju ti inú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 6, kí òwú lè ráyè wú síta nígbà tí kúbùsù bá tẹ̀ yí ara ká. Tèmi dọ́gba, ó sì ń fún òwú pọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò ní rán ìlà kankan sáàárín. Gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ 180, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kúrú jù mí lọ.

Àpapọ̀ wákàtí tí mo fi rán tèmi jẹ́ 11, mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìlà márùn-ún yẹn. Nílé, mi ò kì í ká a sínú àpò kékeré. Ṣe ni mo máa ń fi í kọ́ sára ògiri, kí òwú má baà gbàgbé bí a ṣe ń wú. Lẹ́yìn alẹ́ tí dígírì jẹ́ 1, mo mú máákà dúdú, mo fi ìlà kékeré sàmì sí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí lọ́ọ̀kì àti ìkọ́ dúró sí. Tí mo bá ti so hámọ́ọ̀kì tán, mo fa okùn kọ̀ọ̀kan dé ojú àmì rẹ̀, mo na ọwọ́ kan wọ abẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì wọlé sùn.